Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé ife ni QUAICH, àbí ẹyẹ?

Nínú lẹ́tà tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Àkúrẹ́, Oǹdó àti agbègbè wọn kọ sí wa lórí Scrabble, ayò tí a ti ń fi lẹ́tà oní-máàkì, méje lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí pátákó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba ojú ìwé jù. A kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀ sójú kan, a sì fi ìdáhùn tẹ̀ lé wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Níbi tá a ti ń ta Scrabble, alátakò mi to QUAICH sílẹ̀. Mo ní kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì pè é níjà. Ìwé ọ̀rọ̀ dá a láre, ìgbà mi sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, èdè wo ló sì ti wá? (Òǹkàwé, Alágbàká, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Alátakò yín jàre. QUAICH ni ife ìmutí kan tí àwọn ará Skọ́tlándì ń lò. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò jinlẹ̀, ó sì ní etí méjì tó nà síta, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó ń gbé e fúnni á fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, ẹni tó ń gbà á náà á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Inú ife kan náà ni wọ́n ti ń mu, bí àwọn àgbà ṣe máa ń gbé ahá ẹmu kan yí ká. Ẹ óò rí i níbi ìgbéyàwó wọn àti níbi ìsàmì ọmọ, wísíkì ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe é. Àwọn kan á gbẹ́ ẹ láti ara igi kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn á to pátákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ pa pọ̀ bí àgbá, wọ́n á sì fi ọ̀pá títẹ̀ dè é yí ká kó má bàa jò. Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Edinburgh àti Glasgow ti ń fi fàdákà bo etí rẹ̀, wọ́n sì tún ń fi fàdákà rọ odindi rẹ̀. Títí dòní, ife yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yẹ: láti 1989 ni Skọ́tlándì àti Írẹ́lándì ti ń du Centenary Quaich lọ́dọọdún nínú eré rugby.

Ọ̀rọ̀ Gaelic, èdè ìbílẹ̀ kan ní Skọ́tlándì, tó bí i ni cuach. Àwọn Gaelic náà sì gbà á láti inú caucus, orúkọ tí èdè Látìn fún ohun ìmumi. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí rèé, torí ó máa ràn yín lọ́wọ́ lórí pátákó: kò sí Q nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gaelic rárá. Lẹ́tà 18 péré ni wọ́n ń lò láti ilẹ̀ wá. J, K, Q, V, W, X, Y àti Z kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ èdè Scots àti Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́ "cua", tí wọ́n kọ ọ́ sí "qua". Ìparí ọ̀rọ̀ náà sì ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde. Ẹni tó bá ti kọ́ kéwú mọ̀ ọ́n, òun ni wọ́n ń fi khāʾ kọ ní Lárúbáwá. Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà kan pàtó fún un, nítorí náà àwọn kan fi CH kọ ọ́, àwọn kan sì fi GH. Ìdí nìyẹn tí QUAICH àti QUAIGH fi tọ̀nà méjèèjì nínú ìwé ọ̀rọ̀ Collins tí àwọn ọ̀tayò wa ń lò. QUAIK kò sí, CUACH fúnra rẹ̀ kò sì sí. Bí ẹnikẹ́ni bá to CUACH síwájú yín, ẹ pè é níjà láìfòyà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó ń gbé ní Írẹ́lándì sọ pé ẹyẹ ni cuach níbẹ̀, kì í ṣe ife. Àbúrò mi ní irọ́ ni, ife ni. Ta ni ká gbà gbọ́? (Ìyá kan, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́, ìyá wa. Gaelic kì í ṣe èdè kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà: ti Írẹ́lándì, ti Skọ́tlándì àti Manx ti erékùṣù Isle of Man. Manx ló rí ìyà jù nínú wọn. Ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà láti kékeré, Ned Maddrell, kú ní 1974. Àwọn ènìyàn ti jókòó kọ́ ọ padà láti ìgbà náà, àwọn ọmọdé sì ń fi í kàwé nílé ẹ̀kọ́.

Ní èdè Írẹ́lándì, àwọn ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra pàdé sórí ọ̀nà ìkọ̀wé kan. Cuach lè jẹ́ ife tàbí àwo ìmutí. Ó lè jẹ́ ẹyẹ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cuckoo. Ó tún lè jẹ́ ohun tí a ká tàbí tí a wé jọ: irun tó ká, ẹrù tí a dì, kódà kí ènìyàn gbá ẹlòmíràn mọ́ra. Orírun ife àti ti ẹyẹ kò pa pọ̀. Ife wá láti inú Látìn; ẹyẹ gba orúkọ láti inú igbe tirẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ ìbátan ẹyẹ yìí dáadáa: ẹlúùlú, tí ń ké nígbà tí òjò bá ṣú, ìdílé cuckoo ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ kà á sí, igbe rẹ̀ sì wà nínú orúkọ rẹ̀ bákan náà.

Ní Skọ́tlándì, ife àti ohun tó ká ni cuach sábà máa ń jẹ́. Cuthag ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà. Lédè Manx, cooag ni ẹyẹ ń jẹ́. Ìlànà ìkọ̀wé wọn sún mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi yàtọ̀. Ọmọ yín tó wà ní Írẹ́lándì gbọ́ èyí tí àwọn tó yí i ká ń lò jù, àbúrò yín sì mọ èyí tó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ti ife nìkan ló wọ Gẹ̀ẹ́sì di QUAICH.

Ohun kan ṣì kù tó máa ń da àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá ìtumọ̀ láàmú. Wọ́n á rí cuach Phádraig, ife Patrick, wọ́n á sì rí i pé plantain ni Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ sí. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà o. Ewéko kékeré kan ni, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ létí ọ̀nà. Orúkọ méjèèjì kàn pàdé nínú Gẹ̀ẹ́sì ni.

ÌBÉÈRÈ: Máàkì mélòó ni QUAICH? Ẹnì kan ní 40, ẹnì kan ní 60, èmi sì kà á sí 46. (Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà. QUAICH fúnra rẹ̀ jẹ́ 20: Q 10, U 1, A 1, I 1, C 3, H 4. QUAIGH jẹ́ 19, nítorí G jẹ́ 2. Ilé tí ẹ bá gbé e sí lórí pátákó ló ń sọ ìyókù. Nínú ìdáhùn yìí, A dé O ni òpó tó dúró lóòró, 1 dé 15 sì ni ìlà tó dùbúlẹ̀.

Ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayò, lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì pé lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ilé àárín, H8, kọjá, ilé náà sì ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀tayò á wá gbé Q lé H8, wọ́n rò pé lẹ́tà tó wọ́n jù ló yẹ ilé tó dára jù. Ibẹ̀ gan-an ni máàkì ti ń bọ́ sọnù. Odindi ọ̀rọ̀ ni H8 ń lọ́po. Ìbáà jẹ́ Q ló wà lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ U, bákan náà ló rí. Ilé tó ń lọ́po lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí Q máa wá, D8 sì ni ti ìlà yìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti D8: Q di 20, lẹ́tà mẹ́fà di 30, C bọ́ sórí H8, gbogbo rẹ̀ di 60. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti H8, C ló máa bọ́ sórí L8, ilé kejì tó ń lọ́po lẹ́tà. 23 lọ́nà méjì jẹ́ 46, iye tí ẹ kà nìyẹn. Láti E8 tàbí F8, kò sí lẹ́tà tó kan ilé ìlọ́po lẹ́tà kankan, ó sì dúró sí 40. Èèyàn lè sún ọ̀rọ̀ sí ọ̀tún ní ilé kan péré, kó sì fi 20 ṣòfò.

Tí S bá wà pẹ̀lú wọn, ẹ ti ní QUAICHS, lẹ́tà méje. Láti D8, 31 lọ́nà méjì jẹ́ 62. 50 ti ẹni tó lo lẹ́tà méjèèje lẹ́ẹ̀kan náà tún wọlé, ó di 112.

Bí ẹ bá wá fi QUAICH sí D8 láìsí S, ẹ ṣọ́ J8. Alátakò lè fi S kan lé ibẹ̀, kó gba 21 lórí ọ̀rọ̀ yín, kó sì tún gba ti ọ̀rọ̀ tó tò gba òpó J, níbi tí J6 àti J10 ti ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta. S mẹ́rin àti lẹ́tà òfìfo méjì, tó lè dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí, ló wà nínú àpò, nítorí náà kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ 60 níbẹ̀rẹ̀ ayò pọ̀ ju kí èèyàn torí ìbẹ̀rù yìí fi í sílẹ̀. Níwájú ọ̀rọ̀ náà ẹ̀wẹ̀, kò sí lẹ́tà kan tó ṣeé fi kún un.

Etí pátákó ló dùn jù. Ní ìlà 1, D1 ń lọ́po lẹ́tà ní méjì, H1 sì ń lọ́po ọ̀rọ̀ ní mẹ́ta. Q lórí D1, C lórí H1: 30 lọ́nà mẹ́ta, 90. Ó kàn ní láti rí ohun tó máa so mọ́. Bí HAT bá ti wà ní òpó H láti H2 dé H4, C yín á sọ ọ́ di CHAT, èyí tó jẹ́ 9 lọ́nà mẹ́ta, 27. Àpapọ̀ rẹ̀ di 117 láìlo lẹ́tà keje.

Bó bá jẹ́ òfìfo lẹ fi ṣe Q, 10 ni ọ̀rọ̀ náà, D8 kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Òdo ni òfìfo níbikíbi.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní Q, U, A àti I lọ́wọ́. Ṣé kí n dúró de C àti H? (Òǹkàwé, Ọ̀wọ̀)

ÌDÁHÙN: Rárá o. C méjì àti H méjì péré ló wà nínú odindi lẹ́tà 100, ẹ sì ní láti rí ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń dúró, lẹ́tà mẹ́rin ti dì sọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ń fi mẹ́ta ìyókù ta 8 tàbí 10, alátakò ń ta 30. Tí ọ̀kan nínú C àti H bá ti wà lọ́wọ́, tí èkejì sì wà lórí pátákó níbi tó ṣeé gbà kọjá, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ fún un ní ìgbà kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ju Q sílẹ̀: QUA jẹ́ 12, QUAIL 14, QI 11. Ẹ má fojú kéré QI yìí. Tí Q bá bọ́ sórí ilé ìlọ́po mẹ́ta lẹ́tà, tí I sì wà lápá ọ̀tún àti nísàlẹ̀ rẹ̀, QI méjì ló wọlé lẹ́ẹ̀kan, 31 àti 31, 62.

Ẹni tí kò ní U kó má bara jẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì yá láti inú Lárúbáwá wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sílé kéwú ti mọ̀ láti kékeré: QADI, QAID, NIQAB, QIBLA, TALAQ, WAQF, BURQA. Tí lẹ́tà tó kù nínú àpò bá tó méje tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ tún lè pààrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ààyè pààrọ̀ mọ́, Q tó bá kú sọ́wọ́ yín nígbà tí alátakò bá parí lẹ́tà tirẹ̀ á sì fa ìyàtọ̀ 20 sáàárín yín. Ayò tó há gádígádí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Gaelic náà ni CWM? (Òǹkàwé, Ìdànrè)

ÌDÁHÙN: Àwọn ará Wales ló ni ín, àfonífojì ni. Ìbátan Gaelic ni èdè Wales, àmọ́ ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni, W sì jẹ́ fáwẹ̀lì lọ́dọ̀ wọn. Máàkì 10.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó ti Gaelic wá, tó sì wúlò. Ṣé gígùn ni ká máa kọ́ ni, àbí kúkúrú? (Ẹgbẹ́ ọ̀tayò kan, Ìkàrẹ́-Àkókó)

ÌDÁHÙN: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí LOCH àti LOUGH, 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Omi adágún ni àwọn méjèèjì, ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti Skọ́tlándì, èkejì ti Írẹ́lándì. GLEN, àfonífojì, jẹ́ 5. SLOGAN jẹ́ 7. Igbe ogun ni ní Gaelic, sluagh-ghairm, kó tó wá di ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú àti olùpolówó ọjà.

Nínú àwọn oní-lẹ́tà méje, CEILIDH ló yẹ kó ṣáájú. Àríyá ijó àti orin ni, 13 ni, pẹ̀lú 50 ó di 63 kí ilé ìlọ́po kankan tó dá sí i. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé "kélì" ni wọ́n ń pè é, D àti H ìparí kò dún, nítorí náà ẹni tó ń fi etí wá ọ̀rọ̀ kò ní rí i lọ́wọ́ ara rẹ̀. CEILI náà tọ̀nà, ti Írẹ́lándì ni, 7. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ́ MACHAIR, ilẹ̀ koríko oníyanrìn etí òkun, 14. CLACHAN, abúlé kékeré, 14. PIBROCH, orin fèrè alápò, 16. Ẹ wo bí H ṣe ń tẹ̀ lé C nínú wọn. Ní Gaelic, H ló ń sàmì sí i pé ìró kọ́ńsónáǹtì tó ṣáájú rẹ̀ ti yí padà, ó sì wà káàkiri. Nígbà tí C àti H bá pàdé lórí ráàkì yín, ibi tí ẹ ń to lẹ́tà ọwọ́ yín sí, tí ẹ ti wá CH tiwa ti Gẹ̀ẹ́sì tì, ẹ yẹ apá yìí wò.

Q mìíràn tó gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú QUAICH ni USQUABAE, 19, àti USQUEBAUGH. Uisge beatha ni Gaelic ń kọ ọ́, omi ìyè, òun náà ló di wísíkì. Kò sí Q nínú rẹ̀ nílé. Àwọn tó kọ ọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì ló fi í sí i.

Ní ti gígùn tàbí kúkúrú, èrò tiwa ni pé ẹ kọ́kọ́ gbá oní-lẹ́tà mẹ́rin àti márùn-ún mú dáadáa. Nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba adé Scrabble àgbáyé ní Perth, Ọsirélíà, ní 2015, tó fi 4 sí 0 borí Lewis Mackay, FELTY wà lára ọ̀rọ̀ tó fi ṣẹ́gun: lẹ́tà márùn-ún, máàkì 36. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kì í ṣí pátákó sílẹ̀ fún alátakò, ó sì máa ń jẹ́ kí lẹ́tà dáadáa ṣẹ́kù sọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Alátakò mi ní bí n kò bá lè sọ ìtumọ̀ QUAIGH, òun kò ní gbà á. Ṣé òfin wà bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Kò sí. Ìtumọ̀ kò sí lára òfin ayò náà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ẹ to lẹ́tà, ẹ pe iye máàkì yín jáde, ẹ tẹ aago. Bí kò bá gbà, kó dá aago dúró kó sì pè é níjà, kó máà jẹ́ pé ó fẹnu lásán kọ̀ ọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é kí ó tó to ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ yín ti dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé.

Ìyà ẹni tó pe ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà níjà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Níbì kan ìgbà rẹ̀ á lọ. Níbòmíràn máàkì 5 tàbí 10 ni wọ́n á fi kún tiyín. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fa lẹ́tà àkọ́kọ́. Tí ọ̀rọ̀ méjì bá jẹ yọ lẹ́ẹ̀kan, bíi QUAIGHS àti èyí tí S rẹ̀ so mọ́, kí ẹni tó ń pè níjà kọ èyí tó ń ṣiyèméjì sí sórí bébà gbangba, ọ̀kan tàbí méjèèjì. Kọ̀ǹpútà adájọ́ á kàn sọ bóyá ohun tí wọ́n tẹ̀ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Bí wọ́n bá tẹ méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan sì kùnà, kò ní sọ èyí tó kùnà fún yín, gbogbo lẹ́tà tí ẹ tò ní ìgbà náà ló sì máa padà sórí ráàkì.